Dell OptiPlex 7010 Àlàájà: ohun tí ₦100,000 rà àti ohun tí a fi sílẹ̀ lọ́jà

Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì mi lọ́tẹ̀ yìí ni Dell OptiPlex 7010, onígogoro, èyí tí wọ́n ń pè ní mini tower. Ọdún 2012 ni irú rẹ̀ dé orí àtẹ. Ó ti sin ọ́fíìsì kan lókè òkun kó tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, ó di tòkunbọ̀, ó wá balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Àlàájà ní àdúgbò Ṣípéolú, Ṣómólú. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju CorelDRAW X7, ètò tí wọ́n fi ń ṣe dísáìnì, lọ: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, báńà àwọn tó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni processor (ọpọlọ rẹ̀) Core i5-3470, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) 4GB tó jẹ́ 2GB méjì, hard disk (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) 500GB àti Windows 10. Kò ní graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà), èyí tó wà nínú processor ló ń lò. Owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦100,000, Àlàájà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má wulẹ̀ pe òun.

Ẹjọ́ tó rò fún mi kò gùn. "Ọmọ mi, tá a bá tan nǹkan yìí láàárọ̀, mo lè ra ẹ̀wà, kí n jẹ ẹ́ tán, kí n fọ abọ́, kò tíì ní ṣetán. Oníbàárà á wá dúró tì mí lórí."

Kí á tó ná kọ́bọ̀

Ọmọkùnrin tó ń ṣe dísáìnì níbẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, i7 ni kẹ́ ẹ bá wa fi sí i, kẹ́ ẹ wá fi graphics card 4GB tì í." Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó tan kọ̀ǹpútà, kó ṣí CorelDRAW, kó pe báńà tó ṣe gbẹ̀yìn jáde, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe é. Èmi tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, mo ń wo Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn.

Processor ń ṣe 12 nínú 100, ó ń ṣe 18, eré ló ń ṣe. Disk dúró sórí 100, kò kúrò níbẹ̀. RAM ti kún dé 3.7GB nínú 3.9GB tí Windows rí lò. Tí RAM bá kún báyìí, Windows á máa kó ohun tí kò lò lọ́wọ́ lọ sínú hard disk, á tún padà lọ kó o, bẹ́ẹ̀ hard disk ọ̀hún ò tíì bọ́ nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọmọ yìí bá ti tẹ "Save", ṣe ló máa ń gbé ọwọ́ kúrò lórí mouse, á mú fóònù rẹ̀.

Hard disk ni ọ̀rọ̀ wà. Irú èyí ní awo kan tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní kó mú nǹkan wá, apá tín-ín-rín tó wà lórí awo náà á kọ́kọ́ rìn débẹ̀, á wá dúró kí awo yí dé ibi tó ń wá. Ẹ ro ìrìn àti ìdúró yẹn pọ̀: kò lè mú ju bí 80 sí 100 nǹkan kéékèèké wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Windows sì rèé, tó bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. SSD, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú hard disk, kò ní awo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀ rárá. Irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, ó lè mú ohun tó ju 10,000 lọ wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó jẹ́ ẹgbẹ́ eléyìí, ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jìyà.

CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera disk wò, wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ó kọ "Caution" sínú àwọ̀ yẹ́lò, nọ́ńbà C5 kò sì sí lórí òdo mọ́, ìyẹn ni pé àwọn ojú ibì kan ti wà lórí awo tí disk kò rí kà dáadáa mọ́. Kò tún sí àpérò lórí bóyá ká pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé kò jìnnà sí i, eruku ìwé ló bò ó: funfun, múlọ́múlọ́, ó ti dí gbogbo ihò iwájú, èyí tó wà láàárín fáànù àti irin tó ń fa ooru kúrò lára processor sì ti ki débi pé odindi ni mo yọ ọ́. Power pack rẹ̀ jẹ́ 275W. Mo fi mítà kàn án nígbà tí CorelDRAW ń ṣiṣẹ́: wáyà yẹ́lò fún mi ní 12.1V, pupa fún mi ní 5.0V. Láti 11.4V sí 12.6V ni wọ́n gbà láyè fún yẹ́lò, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì le. Mo wo orí àwọn capacitor (agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná) tó wà lára motherboard, ìyẹn board ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́, bóyá ọ̀kankan ti wú, kò sí. Àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìná owó. Tí power pack tàbí board bá ti ń ṣàìsàn, RAM àti SSD tuntun kò rí nǹkan kan ṣe sí i, ó sì sàn kí Àlàájà fi owó rẹ̀ ṣe àsanlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ohun tí mo ní ká má rà

i5-3470 ní core (òṣìṣẹ́ inú processor) mẹ́rin, eré tó pọ̀ jù tó lè sá jẹ́ 3.6GHz. i7-3770 lè jókòó sí ihò kan náà, LGA 1155. Core mẹ́rin lòun náà ní, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba iṣẹ́ méjì mú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń sá dé 3.9GHz. 77W ni àwọn méjèèjì ń jẹ, kò ní yọ power pack lẹ́nu. Ojúlówó ọjà ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ orí core kan ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ CorelDRAW ń gbà, láti 3.6 sí 3.9 kò sì tó 9 nínú 100. Iye tí wọ́n pè é fún mi jẹ́ ₦45,000. Kọ̀ǹpútà tí processor rẹ̀ ń ṣe 18 nínú 100, tẹ́ ẹ wá lọ ra processor fún: ebi ló ń pa ọmọ, ẹ̀ ń ra fìlà fún un.

Ọ̀rọ̀ ti graphics card kò tiẹ̀ gba àkókò tó ìyẹn. Ihò PCI Express ńlá tó wà lórí board lè gbé káàdì 75W bíi GTX 1050 Ti láìsí wáyà mìíràn, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tó wà nínú processor gbé e. Nígbà tí mo bi ọmọkùnrin náà léèrè dáadáa, ojú kọ̀ǹpútà méjì ló ń wá, kó lè gbé fọ́tò oníbàárà sí ọ̀kan, kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìkejì. Mo yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sí i: ihò DisplayPort méjì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí VGA. Wáyà lásán ló nílò. Ẹni tó bá sì ń ra káàdì ní tòótọ́, kó gbé GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, dání lórí flash. Àwọn káàdì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti yí orúkọ inú wọn padà sí GTX 1050 Ti, GPU-Z sì máa ń kọ "[FAKE]" síwájú orúkọ tó bá ti rí irú rẹ̀.

Computer Village, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Onípàánù, mo gba Maryland lọ sí Ìkẹjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo yàn nítorí pé Sátidé, èrò ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín láyè láti yẹ ọjà wò. Ó pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ ọ́ pé àwọn máa kó ọjà náà lọ sí Katangowa. Àwọn tó ń tajà lórí òpópónà Otigba ṣì ń tajà wọn.

Kí ẹsẹ̀ yín tó kanlẹ̀ ni wọ́n á ti máa fà yín lápá. "Ẹ̀gbọ́n, laptop? Ẹ fẹ́ ta fóònù? Ẹ fẹ́ ṣe screen?" Ẹ má dáhùn, ẹ máa rìn lọ. Àwọn ọmọ bàràńdà nìyẹn, wọn ò ní ìsọ̀. Inú ìsọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á ti lọ gbé ọjà wá, wọ́n á gbé owó tiwọn lé e, tó bá sì bàjẹ́ lọ́la, ta lẹ fẹ́ lọ bá?

SSD ni mo kọ́kọ́ wá. 256GB, oníwáyà SATA, ìwọ̀n 2.5. Mi ò wo àwọn NVMe, SSD pẹlẹbẹ tó yára ju ti SATA lọ, tí gbogbo ayé ń rà báyìí: board yìí kò ní ihò M.2 tí wọ́n ń wọ̀, BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra láti orí NVMe fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé SATA lọ́ra. Òótọ́ ni, bí 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti orí hard disk tó ń kú lọ, kò ní rí ìyàtọ̀ yẹn.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ pè é ní ₦24,000. Ó wà nínú ọ̀rá, ó ń dán. Mo ní kí ọ̀gá náà jẹ́ ká fi wáyà USB kàn án mọ́ laptop tó wà lórí káńtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, ó sì gbà. Mo ṣí CrystalDiskInfo látinú flash mi, mo wá ìlà "Power On Hours". Ó ti lé ní 9,000. Odindi ọdún kan, tọ̀sán-tòru, kò ju wákàtí 8,760 lọ. Mo yí laptop sí i.

"Ọ̀gá mi, tuntun ni o. Software yẹn ló ń parọ́."

Mo kí i pé ó dàárọ̀. Ìsọ̀ kejì, ní Ọlá-Àyẹ̀ní, pè é ní ₦35,000. "Ẹ̀gbọ́n, èló ni jálẹ̀?" "Ẹ mú ₦33,000 wá, ajé mi àkọ́kọ́ lẹ jẹ́ lónìí." A parí rẹ̀ sí ₦32,000. Ó wà nínú páálí tí wọn ò tíì já, a já a níwájú ara wa, wákàtí rẹ̀ jẹ́ òdo. Ó kọ nọ́ńbà ìdí SSD náà sórí rìsíìtì pẹ̀lú gbàràǹtí ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ dúró tì kó kọ. Rìsíìtì tó bá kọ "SSD 1pc" lásán, ẹ ò ní ẹjọ́ kankan tẹ́ ẹ máa rò tẹ́ ẹ bá padà wá.

RAM ni ibi tí ojú ti gbọ́dọ̀ là jù. DDR3 ni kọ̀ǹpútà yìí ń lò, eré 1600, ihò mẹ́rin sì wà lórí board. Ẹni tó ń tà á tẹ́ ẹ sórí káńtà bí ẹní pín káàdì, gbogbo wọn jọra: pákó aláwọ̀ ewé, ṣíìpù dúdú, eyín wúrà. Bébà pélébé tó wà lára wọn ni mò ń kà. Èyí tí mo fẹ́ ń jẹ́ PC3-12800U. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo nǹkan. Tó bá jẹ́ R ló wà níbẹ̀, RAM server ni. Owó rẹ̀ máa ń kéré, 16GB lè dín ní iye tí 8GB tiwa ń lọ, á sì wọ inú ihò náà láìjanpata. Kọ̀ǹpútà ni kò ní tàn. Tó bá jẹ́ S, ti laptop ni, ìyẹn kúrú, èèyàn ò lè ṣì í mú. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kọ AMD sí lára. Board Intel bíi tiwa kì í gbà wọ́n. Ọmọkùnrin tó ń tajà na ọ̀kan sí mi tí wọ́n fi irin pupa bò, pé ti géèmù ni, ó lágbára ju ìyókù lọ. Irin yẹn bo bébà mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo dá a padà.

8GB méjì ni mo mú, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, ₦13,500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì dára ju ẹyọ kan lọ, torí pé tí wọ́n bá wà ní ìsopọ̀ tó yẹ, processor á máa gba ojú ọ̀nà méjì kà wọ́n, èyí sì ń ran graphics inú processor lọ́wọ́, nítorí inú RAM yẹn náà ló ti ń yá ibi tó ń lò.

Àwọn wẹ́wẹ́ tó kù kò gba àkókò: bátìrì CR2032 ₦800, òróró processor (tó ń gbé ooru rẹ̀ lọ sára irin) ₦2,500, irin tí SSD á jókòó lé àti wáyà SATA ₦1,500. Bátìrì UPS (àpótí tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ), 12V 7Ah, ₦16,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦79,800. Iye ọjọ́ yẹn nìyẹn o; dọ́là lè ti yí i padà kẹ́ ẹ tó ka èyí tán.

Fífi wọ́n sí i

Mo kọ́kọ́ kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà kúrò lórí hard disk tó ń kú náà kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. 140GB ni gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Àwọn fáìlì kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan kọ̀, wọn ò jáde, Àlàájà ní oníkàlẹ́ńdà yẹn ò tiẹ̀ tíì sanwó rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe àdàkọ Windows lódindi sórí SSD. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí CorelDRAW, fonts àti ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó rántí bí wọ́n ṣe fi wọ́n sí i.

Ohun kan wà nínú BIOS Dell yìí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ F2, ẹ máa rí "SATA Operation", ìyẹn ọ̀nà tí board ń gbà bá disk sọ̀rọ̀, ó sì sábà máa ń wà lórí "RAID On". Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé e sí AHCI. Tó bá jẹ́ Windows tuntun lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ gbé e. Tó bá jẹ́ àdàkọ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ bíi tiwa, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú búlúù ni Windows á fi kí yín. SSD lọ sí SATA0, ọ̀kan nínú àwọn ihò tó ń gbé 6Gb/s. Àwọn ihò míì lórí board náà kò ju 3Gb/s lọ. RAM méjèèjì wọ inú àwọn ihò tí etí wọn funfun. Mo yọ 2GB méjì àtijọ́ kúrò, 16GB ti tó.

Òróró tó wà lórí processor ti gbẹ, ó ti di bí ẹfun. Mo fi spirit nù ún, mo kán tuntun sí àárín, mo sì de skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, igun sí igun. Bátìrì CR2032 ló fòpin sí "Time-of-day not set" tó máa ń jáde láràárọ̀, tó sì máa ń gbé ọjọ́ padà sí ọdún tó ti kọjá, tí ìkànnì kankan kò fi ní ṣí torí pé ọjọ́ kò bá ìwé ẹ̀rí wọn mu.

MemTest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú lórí RAM, kò rí àṣìṣe kankan. Láàárọ̀, láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì títí mouse fi gbọ́ràn, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Báńà tó jẹ́ kí ọmọ yẹn máa gbé fóònù, kó tó na ọwọ́ sí fóònù, ó ti wọlé.

UPS

UPS 650VA wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń ké "píìn" kan ṣoṣo tí NEPA bá mú iná lọ, á sì kú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fẹ́ jù ú nù. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú, lẹ́yìn tí mo ti fi gba iná mọ́jú, 9.8V ni mítà kà. Bátìrì yẹn nìkan ló kú. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ tú skúrù ìdí rẹ̀, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ó parí. Kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ kò jẹ tó 100W nísinsìnyí, nítorí náà àyè wà láti tọ́jú iṣẹ́ kí ẹnìkan tó lọ fa jẹnẹrétọ̀. Mo kọ oṣù tá a fi bátìrì náà sí i sórí rẹ̀ pẹ̀lú biro. Tí ẹnì kan bá bi mí pé nínú gbogbo owó yìí, èwo ló dùn mọ́ mi jù, ₦16,000 yìí ni mo máa sọ, torí iná Ṣómólú tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ṣeé ṣe kó pa hard disk àkọ́kọ́.

Windows 10

Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) àti processor Intel láti ìran kẹjọ sókè. Ìran kẹta ni tiwa, TPM 1.2 ló sì wà lórí board. CorelDRAW kò ní ti Linux, ètò míì tó lè dípò Windows, nítorí náà ìyẹn náà ti ilẹ̀kùn. A forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú ààbò tó máa dé October 13, 2026, mo sì sọ fún wọn pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa ṣí báǹkì lórí rẹ̀. Flash oníbàárà ni ewu tó sún mọ́ wọn jù. Mo pa AutoPlay tó ń ṣí flash fúnra rẹ̀, Defender, ètò ààbò Windows, ló ń kọ́kọ́ yẹ gbogbo flash wò báyìí.

Nínú ₦20,200 tó kù, mo ra flash 128GB ní ₦12,000, mo fi H2testw, ètò tó ń dán àyè inú flash wò, kún un dẹ́nu láti mọ̀ pé 128 ni lóòótọ́. SSD kì í sábà kìlọ̀ kó tó kú bíi ti hard disk, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí Àlàájà tó lọ kírun Jímọ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà á ti wọ inú flash yẹn, á sì wà nínú àpò tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni bí CorelDRAW fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣí. Ó ṣì ń tó ìṣẹ́jú àáyá 20, kì í sì í ṣe ẹ̀bi SSD: fonts tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà lé ní 1,400, gbogbo wọn ló ń kà kó tó jẹ́ kéèyàn wọlé. Mo ní ká kó àwọn tí wọn ò lò sínú fóldà kan lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ bo mouse. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà lè béèrè."